Ta Ló Ta Gìtá Yẹn?

"Ẹni tó bá tún pe Mànàmáná ní ọba onígìtá nínú ṣọ́ọ̀bù mi yìí, màá fá orí rẹ̀ kodoro!"

Agẹrun ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ìgẹrun ń kùn lọ́wọ́ rẹ̀, oníbàárà tó jókòó síwájú rẹ̀ sì ti ń fà sẹ́yìn, nítorí kò mọ ìgbà tí ìjà orin yóò kan etí òun.

"Fá a," ni Tíṣà dá a lóhùn láti orí bẹ́ǹṣì. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu àríyànjiyàn. "Orí tèmi ti pá kí o tó ra ẹ̀rọ. Mànàmáná ni ọba. Ta ni ìka rẹ̀ tún yá tó tirẹ̀ láyé?"

"Èkúté náà yára! Ṣé ìdíje eré sísá ni gìtá ni? Onísùúrù ni ọba. Ó lè ta okùn kan péré, kó dákẹ́, kí o má mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú rẹ."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Mànàmáná ti kú, Onísùúrù ti kú, àwọn méjèèjì ò sì mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan wà láyé tí àwọn àgbàlagbà ti ń torí wọn bú ara wọn. Tí wọ́n bá rojọ́ àwọn òkú tán, wọn a kọjú sí àwọn alààyè. Wọn a ní gìtá ti kú. Wọn a ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò fẹ́ kí okùn dá egbò sí wọn níka, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tẹ̀ pàtìpàtì, wọ́n á ní àwọn ń ṣe orin.

"Kí ló burú níbẹ̀?" ni Sisí Fóònù, ọmọ agẹrun, dá sí i lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ nílé ìwé nìyẹn, torí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára fóònù. "Ẹ̀yin àgbà, gìtá ti di nǹkan arúgbó. Ẹni tó bá gbé gìtá wá sílé ìwé wa, wọ́n á bi í pé ṣé bàbá bàbá ẹ̀ ló rán an."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Igbákejì ni, ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí òun àti Sisí Fóònù jọ wà ní kíláàsì kan náà. Ó dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó di fóònù tirẹ̀ mú ṣinṣin nínú àpò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá rẹ̀ fún yín ná. Káfíńtà ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló fara ti ti agẹrun. Ṣùgbọ́n nígbà èwe rẹ̀, inú ẹgbẹ́ akọrin ló wà, gìtá kejì ló ń ta. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀, gìtá kejì ni èyí tó máa ń dúró sẹ́yìn, tó ń di orin mú kó má baà ṣubú, kí onígìtá àkọ́kọ́ lè ráyè fò. Ẹni tó fò ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Igbákejì, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí ẹgbẹ́ fi tú ká, tó fi padà sídìí pákó.

Kò sí Sátidé tí kì í jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù agẹrun. Wọn a ka orúkọ onígìtá láti àdúgbò dé òkè òkun, wọn a ka èyí tó mọ̀ ọ́n ta, wọn a ka èyí tó ń fi ariwo bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Wọn ò dárúkọ Igbákejì rí, kódà kí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀. Òun náà ò bi wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ máa ń wo ojú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ń ka orúkọ báyìí, bàbá á tẹrí ba, á máa fi ìka ra pátákó kékeré kan tó ti dán tipẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ń dun ọmọ yìí wọ egungun.

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ìka ọwọ́ òsì Igbákejì ti ń gbọ̀n, tó sì ń dọ́gbọ́n fi í pamọ́ fún ìyàwó àti ọmọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ náà ń ti ilé ìwé bọ̀, ló bá gbọ́ gìtá nínú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá rò pé òun nìkan ló wà. Ìka rẹ̀ gbọ́ràn sí i lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan ló ń ta, ó ń lọ, ó ń padà, bí ẹni tó ń wá nǹkan kiri inú ilé tó mọ̀ dáadáa. Ọmọ náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi fóònù gbà á sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó ṣe ń gbà á sílẹ̀ ló ń sunkún. Ó pinnu pé òun yóò gbé e lọ fún ìdájọ́ ògiri.

Tíṣà ló dá ìdájọ́ ògiri sílẹ̀. Ó rí i pé orúkọ ni àwọn èèyàn ń gbè lẹ́yìn, wọn ò gbè lẹ́yìn orin. Ó wá ní ẹni tó bá ní onígìtá tó fẹ́ kí wọ́n kà mọ́ àwọn ọba, kó mú orin rẹ̀ wá, kó má dárúkọ rẹ̀. Gbogbo ilé á kọjú sógiri, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọhùn títí orin á fi tán. Kódà ẹni tó wà lórí àga ìgẹrun, wọ́n á yí àga rẹ̀ sógiri. Bí irun orí rẹ̀ bá wà ní ààbọ̀, kó ṣì wà ní ààbọ̀ ná. Ìgbà tí wọ́n bá dájọ́ tán ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ẹni tó ta á.

Lọ́jọ́ Sátidé yìí, Igbákejì ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù lọ fún oníbàárà. Ó tẹ́ ọmọ náà lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ti dájọ́, òun á sáré lọ pàdé bàbá òun lójú ọ̀nà, òun á sọ fún un pé, "Bàbá, wọ́n ti dárúkọ yín."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré, "mo ní ọ̀kan fún ògiri."

"Ìwọ náà?" Agẹrun pa ẹ̀rọ rẹ̀. "Ó dáa. Gbogbo ilé, ẹ̀yìn padà!"

Wọ́n yí padà. Wọ́n yí oníbàárà orí àga náà padà pẹ̀lú ìrùngbọ̀n rẹ̀ tí wọ́n fá ku apá kan. Ọmọ náà tẹ fóònù. Orin náà jáde.

Nígbà tó tán, kò sẹ́ni tó yíjú padà kíá. Agẹrun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ògiri ló ṣì ń bá sọ ọ́.

"Mo ti gbọ́ gbogbo orin Onísùúrù pátá," ó ní. "Ẹni yìí jù ú lọ. Mi ò mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí á ti ẹnu mi jáde láéláé."

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Kí Mànàmáná máa sáré rẹ̀ lọ," ó ní. "Ta ni?"

Kí ọmọ náà tó lanu, oníbàárà orí àga ti yí àga ara rẹ̀ padà. "Ẹ má bínú, àlejò ni mí," ó ní. "Èmi ni ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin kan ní ìgboro. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá onígìtá. Ọ̀dọ́ ni mo ń wá o, torí mo fẹ́ máa mú un rìnrìn àjò, mo sì fẹ́ rán an lọ sílé ẹ̀kọ́ orin. Bí ẹni yìí bá ti dàgbà, màá kí i kú iṣẹ́, ó parí síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́, kò ní bọ́ lọ́wọ́ mi. Ta ló ta gìtá yẹn?"

Orúkọ bàbá wà lẹ́nu ọmọ náà. Ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́.

"Arúgbó kan ni!" Sisí Fóònù ló ké bẹ́ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀dọ́ wo ló máa jókòó ta irú ẹ̀? Nínú kíláàsì wa lódindi, ẹ ò lè rí ẹyọ kan."

Gbogbo ojú wà lára Ọmọ Igbákejì. Ó rí ilé ẹ̀kọ́ orin, ó rí ìrìn àjò, ó rí ẹnu Sisí Fóònù tó là sílẹ̀ gbàgà.

"Èmi ni," ó ní.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ariwo ta nínú ṣọ́ọ̀bù. Agẹrun gbé ọmọ náà sókè bí ọmọ ọwọ́. "Igbákejì bí Àkọ́kọ́!" ló ń pariwo. "Ẹ wá wo nǹkan! Igbákejì bí Àkọ́kọ́!" Ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kó wá sí gbọ̀ngàn àwọn ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè gbọ́ ọ lójúkojú. Sisí Fóònù fúnra rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Má bínú sí mi," ó ní. "Fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Kó tó di ọ̀la, gbogbo kíláàsì á ti gbọ́ ọ."

"Màá fi ránṣẹ́ tó bá yá."

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló gbà lọ. Ẹ̀rù ti bà á. Bí orin yìí bá fi lè tàn kálẹ̀, yóò dé etí bàbá, bàbá ò sì ní gbọ́ ju bíńtín lọ tí yóò fi mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù. Ó ní, ṣebí èmi náà mọ gìtá ta, ṣebí bàbá ló kọ́ mi, màá kọ́ orin náà kí Sátidé tó pé, kò sẹ́ni tó máa pa lára. Ẹ ò rí i bí ọkàn èèyàn ṣe máa ń wá àwíjàre fún un!

Kó tó délé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé. Igbákejì pàdé agẹrun lọ́nà, kò sì bọ́ bàtà kó tó wọlé. "Ìyá ọmọ mi! Dá ẹ̀rọ yẹn dúró!" ló ń ké sí ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ. "Wọ́n dárúkọ ọmọ mi! Agẹrun ní ó ju Onísùúrù lọ! Agẹrun o, alágídí yẹn!"

Nígbà tí ọmọ náà wọlé, ó bá bàbá rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí n má tàn yín," ó ní. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ó máa ń wù mí. Ó máa ń wù mí kẹ́nì kan ṣèèṣì dárúkọ mi. Ó ti tán nínú mi lónìí. Kí ọmọ ẹni jù wá lọ, kí la tún ń wá? Ọmọ mi, orin wo lo ta fún wọn?"

"Ọ̀kan... ọ̀kan lára èyí tí mo máa ń gbọ́ lọ́dọ̀ yín, Bàbá."

"Àwọn játijàti mi yẹn náà? O ò rí i pé ọwọ́ ẹ ló sọ ọ́ di nǹkan." Ó gbé gìtá tirẹ̀, ó gbé e lé ọmọ náà lẹ́sẹ̀. "Tìẹ ni láti òní lọ."

Omi bọ́ lójú ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ wò ó títí. "Kí ló dé tó ò ń sunkún?" ló bi í. "Inú mi ló dùn, Mọ́mì," ló dáhùn. Ó yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹnu ń yún un láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín bàbá pọ̀ jù, kò mọ bí yóò ṣe gbà á padà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní tí òun bá ti gbọ̀ngàn dé, òun á sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fòní dónìí, tó ń fọ̀la dọ́la, tó ń jókòó ti gìtá títí ìka rẹ̀ fi bó.

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí Igbákejì fi ṣubú sáàárín èérún pákó nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, apá òsì ti kú pátápátá, ẹnu sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dókítà pe ìyá ọmọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní ọwọ́ náà ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, àti pé ọkàn rẹ̀ pàápàá ò lágbára. Nígbà tí Sátidé pé, ọmọ náà ní òun ò lọ síbì kankan.

"Lọ," ni bàbá ń fi ahọ́n tó wúwo sọ. "Má torí mi... lọ."

Ó lọ. Ó jókòó sórí àga láàárín gbọ̀ngàn, ó ta orin náà, kò sì ṣi okùn kan tẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wọn nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"O mọ̀ ọ́n ta," ó ní. "Ẹni tó kọ́ ẹ, ó kọ́ ẹ ire. Àmọ́ kì í ṣe ọwọ́ yìí ni mo gbọ́. Ẹni tí mo gbọ́ yẹn, nǹkan ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láyé. Tìẹ ò tíì bọ́. Ọmọ mi, ta ló ta gìtá yẹn?"

Ọmọ náà gbé gìtá sílẹ̀, ó fọwọ́ bojú. "Bàbá mi ni, sà."

"Kí ló dé tí o fi ní ìwọ ni?"

"Ẹ ní ọ̀dọ́ lẹ ń wá."

Ọ̀gá náà ti múra láti bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí gbà á láyà. "Òótọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Níbo ló wà?"

"Ọsibítù."

"Dìde. À ń lọ."

Wọ́n yà gbé agẹrun àti Tíṣà. Nígbà tí agẹrun gbọ́, ilẹ̀ ló jókòó sí. "Igbákejì? Igbákejì tá a jọ ń jókòó yìí?" Tíṣà ní, "Àwa náà jẹ̀bi. Ọjọ́ wo la sọ fún un rí pé kó ta díẹ̀ ká gbọ́?"

Yàrá ọsibítù náà kéré, bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, òórùn oògùn gba ibẹ̀ kan. Ìyá ọmọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó di ọwọ́ tó kú náà mú. Ọmọ kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, mo purọ́ fún yín. Kì í ṣe èmi ni mo ta orin tí wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin ni. Mo gbà á sílẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé yín láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ̀yin lẹ ju Onísùúrù lọ, Bàbá. Ẹ̀yin ni."

"Òótọ́ ló sọ," ni agẹrun wí. "Igbákejì, ìwọ ni mo gbọ́."

Igbákejì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní apá ẹnu rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ ṣeun," ó ní. Ọ̀rọ̀ ń ṣòro fún un, díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ọ́. "Ẹ ti jọ... gbìmọ̀ pọ̀. Torí pé... ọwọ́ mi kú."

"A ò gbìmọ̀ kankan! Ọwọ́ ẹ la gbọ́!" ni agẹrun ké.

"Èmi ló kọ́ ọ. Ọwọ́ ẹ̀... kò ní ṣàì jọ tèmi." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ó dáa. Gbé e sí i. Jẹ́ kí n gbọ́."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Mo ti pa á rẹ́, Bàbá. Mo ti pa á rẹ́ kẹ́ ẹ má baà gbọ́ ọ."

"Ẹ rí i?" Igbákejì rọra mi orí. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tó kù, ó gbé e lé ọmọ náà lórí. "O ò mọ irọ́ pa. Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Má torí kí inú mi lè dùn... gbé ògo ẹ sọ nù. Tìẹ ni. Mo fún ẹ."

Tíṣà kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń sunkún bí ọmọdé. Nọ́ọ̀sì wọlé láti fún aláìsàn lóògùn, ojú Igbákejì sì là.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ọmọ mi nìyí. Òun ni mo ń sọ fún yín. Òun ló ju Onísùúrù lọ."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kú. Lónìí, ẹ dé ṣọ́ọ̀bù agẹrun, Igbákejì ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ kí wọ́n tó dárúkọ ọba onígìtá èyíkéyìí. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá gbọ́ a ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbọ́ ọ. Kò sì sí ohun tí wọ́n lè gbé sí i fún wọn. Ọmọ rẹ̀ wà nílé ẹ̀kọ́ orin tí ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin rán an lọ. Ó ti sọ òtítọ́ yìí fún gbogbo ayé, Sisí Fóònù náà ti bá a sọ ọ́ kiri, gbogbo ayé sì gbà á gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kó gbà á gbọ́ ni kò gbà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, wọ́n máa ń sọ fún wa pé kò sí bí irọ́ ṣe lè sáré tó tí òtítọ́ ò ní bá a. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò bá a. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tó bá pẹ́ dé, ìtùnú lásán ni yóò jọ létí ẹni tó ni ín. Ohun tó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ fún un nígbà tó tọ́ sí i, kí ẹnu tó yí padà, kí ọwọ́ tó kú. Igbákejì kú pẹ̀lú ìdùnnú, ó gbà pé ọmọ òun ló tóbi jù nínú gbogbo àwọn onígìtá. Ọmọ náà nìkan ló mọ bí ìdùnnú yẹn ṣe wúwo tó láti máa gbé kiri.